Ẹ̀rọ Ayẹ̀wò Mọ́tò: Èwo ni Kí Mẹ̀kúnnù Rà?

Olóòtú ìwé ìròyìn wa yìí fún mi láàyè díẹ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó kan àwa tí a ní mọ́tò, tí ó sì kan gbogbo ẹni tí ń bá wa wọ̀ ọ́ relé lọ́dọọdún. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń yẹ àìsàn mọ́tò wò, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sikánà. Bí àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wa ti rí i lọ́wọ́ mi, wọ́n ń bi mí pé irú èwo ni kí àwọn rà. Dípò kí n máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìpàdé, mo rò pé ó sàn kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo wa lè jọ kà á.

Àwa tí a fi ìlú yìí ṣe ibùgbé mọ̀ pé mọ́tò kì í ṣe ohun afẹ́ fún wa. Òun ni ó ń gbé ẹrù ìyàwó lọ sí ọjà, òun ni ó ń gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé, òun náà ni ó sì ń gbé wa relé nígbà tí ilé bá ránṣẹ́ pè wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa ni ọkọ̀ ojú irin gbé dé Zaria ní ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n ojú títì ni àwa ọmọ wọn ń tọ̀ lọ sí Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti Ọ̀yọ́. Ọ̀nà náà jìn. Láàárín Zaria àti Kaduna nìkan, nǹkan bí kìlómítà 80 ni, Kaduna sì kọ́ ni ilé. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá kú láàárín Kaduna àti Abuja nígbà tí oòrùn ń wọ̀, tòun ti ìyàwó àti ọmọ, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ẹ̀rù fún un. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ àìsàn mọ́tò rẹ̀ nílé kí ó tó bọ́ sí ọ̀nà, kì í ṣe owó nìkan ni ó fi pamọ́.

Àwọn àgbà inú wa yóò rántí Peugeot 504. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kaduna, kò sì pẹ́ tí ọ̀nà ilẹ̀ Hausa fi kún fún un. Mọ́tò ìgbà náà kò ní àṣírí púpọ̀. Kabúrétọ̀ ni ó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Mẹkáníìkì yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò dẹ etí sílẹ̀, yóò yí súkúrúù kékeré kan, ẹ́ńjìnnì yóò sì balẹ̀. Ẹni tí etí rẹ̀ bá yá ni ọ̀gá. Mọ́tò òde òní kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní brain box, èyí ni pé òun ni ọpọlọ mọ́tò. Àwọn sẹ́ńsọ̀ wà káàkiri ara ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń ròyìn fún un: ọ̀kan ń wọn afẹ́fẹ́ tí ó ń wọlé, ọ̀kan ń wọn bí omi ṣe gbóná tó, òmíràn ń tọ́ èéfín wò nínú sàlẹ́ńsà. Ọpọlọ yìí ni ó ń pàṣẹ bí epo yóò ti pọ̀ tó, àti ìgbà tí iná yóò ṣẹ́ nínú sílíńdà. Nígbà tí ìròyìn kan kò bá bá òmíràn mu, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ara rẹ̀, yóò sì tan iná kékeré tí ó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì síwájú awakọ̀. Etí kò lè gbọ́ ohun tí ó kọ sílẹ̀ yìí, bí ó ti wù kí etí náà yá tó. Ẹ̀rọ ni ó ń kà á.

Èéfín ni ó bí ọ̀rọ̀ yìí ní àkọ́kọ́. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, èéfín mọ́tò dààmú àwọn ará ìlú tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ibẹ̀ fi pàṣẹ pé, bẹ̀rẹ̀ láti orí mọ́tò ọdún 1988, mọ́tò tuntun gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ara rẹ̀ kí ó sì máa sọ àbùkù tí ó bá rí. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń sọ èdè tirẹ̀, ẹ̀rọ Toyota kò gbọ́ ti Ford. Nígbà tí ó di mọ́tò ọdún 1996, Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo mọ́tò kékeré tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ máa sọ èdè kan náà, kí wọ́n sì ní ihò kan náà, oníhò 16, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi orúnkún awakọ̀. OBD2 ni wọ́n ń pe èdè náà. Ilẹ̀ Yúróòpù tẹ̀lé wọn: mọ́tò tí ń jẹ bẹntiróòlù ní ọdún 2001, èyí tí ń jẹ díṣẹ̀lì ní ọdún 2004. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwọn ọdún wọ̀nyí sọ́kàn, nítorí wọn yóò wúlò níwájú.

Kí n sọ bí èmi ṣe dé ìdí rẹ̀. Toyota Corolla ọdún 2005 tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà ni mò ń wà. Nígbà tí ó ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wáyé ní Ògbómọ̀ṣọ́, mọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Kò lè gun òkè mọ́, epo ń tán kíákíá, iná ẹ́ńjìnnì sì ń ṣẹ́jú. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi. Ọmọ Zaria ni. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí ó ti ń bá mi tọ́jú mọ́tò, èdè Hausa ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún mi bí baba tí ó bí i. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó fọ̀ ọ́. Ó fọ ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Mọ́tò kò gbọ́. Ní ọjọ́ kejì ó ní, "Bàbá, brain box ni ó ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wá òmíràn." Mo bi í pé, "Ọmọ mi, ta ni ó sọ fún ọ?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ọwọ́ mi ni ó sọ fún mi."

Owó tí ó dá lé brain box yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé owó ilé-ìwé ọmọbìnrin mi ní Yunifásítì Ahmadu Bello àti owó aṣọ ẹbí wa lọ pátápátá. Èmi kò rò pé ó fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Kò ní ohun tí ó lè fi wo inú ẹ̀rọ náà ni, bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà rẹ̀ dúró tì í, ó sì gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó là mí lójú. Ó ní, "Bàbá wọn, bí dókítà kò bá yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, ṣé ẹ ó jẹ́ kí ó gé yín lẹ́sẹ̀?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ mọ́tò wò nígbà náà."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ohun èlò mọ́tò ní Sabon Gari, àti lọ́wọ́ àwọn rìwáyà tí ń ṣe iná mọ́tò. Mo rí i pé oríṣi mẹ́ta ni ẹ̀rọ yìí pín sí. Èkínní kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Kò ní ojú tí ń fi ọ̀rọ̀ hàn. Inú ihò mọ́tò ni a ó kì í bọ̀, yóò sì máa bá fóònù wa sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, yálà nípa Bluetooth tàbí Wi-Fi. Áàpù bíi Torque tàbí Car Scanner tí a gbé sórí fóònù ni yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ohun tí a lè kà. Òun ni owó rẹ̀ kéré jù. Èkejì tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, ó ní ojú tirẹ̀ àti wáyà tirẹ̀. Mọ́tò fúnra rẹ̀ ni ó ń fún un ní iná, nítorí náà kò nílò fóònù. Ancel, Autel àti Launch wà lára àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà tí ń ṣe irú rẹ̀. Owó rẹ̀ ju ti èkínní lọ, bí ohun tí ó lè kà bá sì ṣe pọ̀ tó ni owó náà ń gòkè. Ẹ̀kẹta dà bí tábúlẹ́ẹ̀tì. Ó lè bá gbogbo kọ̀ǹpútà inú mọ́tò sọ̀rọ̀, ó lè pàṣẹ fún wọn, òmíràn tilẹ̀ lè fi kọ́kọ́rọ́ tuntun han mọ́tò. Irinṣẹ́ ọ̀gá mẹkáníìkì ni èyí. Ẹni tí ó ní mọ́tò kan ṣoṣo kò ní ohun tí yóò fi ṣe.

Kí ẹ tó na kọ́bọ̀ lé èyíkéyìí, ìbéèrè mẹ́rin ni kí ẹ bi ara yín. Èkínní ni pé, ṣé mọ́tò mi lè sọ èdè náà? Bí mọ́tò yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 síwájú, yóò sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ti Yúróòpù, ẹ rántí ọdún 2001 àti 2004 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò wa kan tí ń fi Golf 3 tí ó ti Yúróòpù wá kó èrò ti ra ẹ̀rọ kékeré kan kí a tó jọ sọ̀rọ̀ yìí. Ihò wà lára mọ́tò náà, ẹ̀rọ náà sì wọ inú rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Mọ́tò rẹ̀ ti wà kí òfin Yúróòpù tó dé. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Volkswagen gan-an ni ó lè kà á. Bí ihò bá wà, ìyẹn kò sọ pé èdè wà. Ní ti Peugeot 504 oní-kabúrétọ̀, kí ẹni tí ó ní i má ṣe ra sikánà rárá. Etí mẹkáníìkì ṣì tó o.

Ìbéèrè kejì ni pé, irú fóònù wo ni mo ní? Bí ó bá jẹ́ Android, oríṣi Bluetooth tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà yóò bá a ṣe. Bí ó bá jẹ́ iPhone, ẹ béèrè èyí tí ń lo Wi-Fi, tàbí èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára gbangba pé ó bá iPhone mu.

Ìbéèrè kẹta ni pé, ṣé ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Lára ọ̀pọ̀ oríṣi kìíní ẹ ó rí orúkọ yìí: ELM327. Ilé iṣẹ́ ELM Electronics ní Kánádà ni ó ṣe ojúlówó, ilé iṣẹ́ náà sì ti kógbá sílé ní ọdún 2022. Ẹ̀dà tí àwọn ẹlòmíràn ṣe ni ó kún ọjà. Ẹ ó rí èyí tí wọ́n kọ "v1.5" sí lára, bẹ́ẹ̀ ni ELM Electronics kò ṣe v1.5 rí láyé. Èmi kò sọ pé gbogbo ẹ̀dà ni kò dára. Òmíràn ń ṣe dáadáa fún Toyota àti Honda, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ti Ford tàbí Chevrolet àtijọ́, nítorí ọ̀nà tí àwọn yẹn ń gbà sọ̀rọ̀ yàtọ̀, títí ó fi di mọ́tò ọdún 2008 tí gbogbo mọ́tò kékeré tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà fi ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo tí à ń pè ní CAN. Nítorí náà, ẹ má wo ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí. Ẹ gbé mọ́tò yín dé iwájú ìsọ̀, ẹ ki ẹ̀rọ náà bọ ihò, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì rí i kí ó ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí àti bí omi ṣe gbóná tó. Bí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ sí epo, kí nọ́ńbà náà gòkè lójú yín. Òǹtajà tí kò bá gbà kí ẹ dán an wò, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ìbéèrè kẹrin ni pé, kí ni mo fẹ́ kí ó sọ fún mi? Ohun mẹ́ta kò gbọdọ̀ yẹ̀: kí ó lè ka kóòdù kí ó sì lè pa á rẹ́, kí ó lè fi hàn ohun tí àwọn sẹ́ńsọ̀ ń sọ lọ́wọ́lọ́wọ́ bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, kí ó sì lè fi hàn bí mọ́tò ti wà ní ìṣẹ́jú tí àbùkù náà ṣẹlẹ̀, bí ó ti ń sáré tó àti bí ó ti gbóná tó. Èyí tí ń ka kóòdù nìkan tí kò fi ìṣe sẹ́ńsọ̀ hàn, owó rẹ̀ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni yóò máa sọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó ka ti búréèkì ABS àti ti airbag, ẹ béèrè rẹ̀ ní pàtó, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kò kọjá ẹ́ńjìnnì.

Oríṣi kejì ni èmi mú, èyí tí ó ń fi ìṣe sẹ́ńsọ̀ hàn tí kò sì ka ABS. Owó rẹ̀ kò tó ohun tí mo fi ń rọ epo kún mọ́tò mi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sì mọ ohun tí epo ti dà láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Ìdí tí n kò fi mú oríṣi kìíní, bí ó tilẹ̀ dín owó, ni pé fóònù mi ni èmi nìkan ń lò, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ohun tí ìyàwó mi lè lò nígbà tí n kò sí nílé, tí mẹkáníìkì mi náà sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Ẹni tí kò ní irú ìdí yìí, oríṣi kìíní tí ó bá yege ìdánwò iwájú ìsọ̀ tó o.

Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì náà, a jọ kì í bọ ihò. Ó kọ P0302. Lẹ́tà P túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì àti gíà ni. C jẹ́ ti búréèkì àti abẹ́ mọ́tò, B jẹ́ ti ara mọ́tò bí airbag, U sì jẹ́ ti àìgbọ́ra-ẹni-yé láàárín àwọn kọ̀ǹpútà inú rẹ̀. P0302 ń sọ pé sílíńdà kejì kò jó epo rẹ̀ bí ó ti yẹ. Kò sọ ohun tí ó fà á. Ẹ́ńjìnnì Corolla yìí ní kọ́ìlì mẹ́rin, ọ̀kan lórí sílíńdà kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni ó sì de ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kọ kóòdù náà sílẹ̀ lórí ìwé, a pa ẹ́ńjìnnì kí ó tutù, a gbé kọ́ìlì sílíńdà kejì lọ sórí ẹ̀kẹta, a sì gbé ti ẹ̀kẹta wá sórí ìkejì. A pa kóòdù rẹ́, a rọra wà á dé Kwangila, a padà. Nígbà tí a tún kà á, P0303 ni ó kọ. Àìsàn náà ti tẹ̀lé kọ́ìlì lọ sí ilé tuntun. Bí ó bá jẹ́ pé sílíńdà kejì ni ó dúró sí, à bá mọ̀ pé kọ́ìlì kọ́, à bá sì wo púlọ́ọ̀gì, wáyà, tàbí ẹnu tí ń tú epo sínú rẹ̀.

Mẹkáníìkì mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, ǹ bá ti gba owó yín tán, mọ́tò náà ì bá sì tún máa gbọ̀n." Mo ra kọ́ìlì kan, mo san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un láìyọ kọ́bọ̀ kúrò, mọ́tò náà sì gbé wa dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó gbé wa padà. Láti ìgbà náà, òun gan-an ni ó máa ń wá yá ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú èyí nìyí: ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun tí a fi ń mú mẹkáníìkì ní olè. Ẹlẹ́rìí ni, tí àwa méjèèjì lè jọ wò lójú. Àwa tí a wà ní àjò, a kò ní mẹkáníìkì ìdílé tí baba rẹ̀ mọ baba wa. Ọ̀rẹ́ tí a bá ní nínú iṣẹ́ yìí, ó yẹ kí á tọ́jú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kì í dájọ́. Ẹ má ṣe rò pé kóòdù ń dárúkọ ohun tí a ó rà. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì. Ní Zaria wa yìí, nígbà ọyẹ́, eruku lè bo sẹ́ńsọ̀ tí ń wọn afẹ́fẹ́ tí yóò fi máa ròyìn èké, bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà tí ó ti sán lè máa fa afẹ́fẹ́ wọlé. A ó kọ́kọ́ wo rọ́bà, a ó pààrọ̀ fílítà, a ó sì fi ìfúnsí tí wọ́n ṣe fún un fọ sẹ́ńsọ̀ náà láìfi ọwọ́ kàn án, kí a tó ra tuntun. Ẹ ó rántí oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ọjà. Irú epo bẹ́ẹ̀ náà lè fa kóòdù yìí. P0455 lè jẹ́ pé ìdérí táǹkì epo ni kò dé dáadáa. P0420 ń sọ pé ohun tí ń fọ èéfín mọ́ nínú sàlẹ́ńsà kò ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti gé e kúrò lára mọ́tò tòkunbọ̀ yín, bí a bá pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kóòdù náà yóò padà wá.

Ẹ̀rọ yìí wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ ra mọ́tò pẹ̀lú. Ẹ kọ́kọ́ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì: iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn. Bí kò bá tàn, ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí ó ti fi nǹkan bò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí ẹ̀rọ ti ń fi hàn bóyá mọ́tò ti parí àyẹ̀wò ara rẹ̀. Bí púpọ̀ nínú wọn bá jẹ́ pé kò tíì parí, ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ kí ẹ tó dé ni, tàbí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bátìrì rẹ̀. Ẹ wà á fún ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ tó sanwó, tàbí kí ẹ wá òmíràn.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ kù. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá dúró láìṣẹ́jú, ẹ lè rọra wakọ̀ lọ síbi tí wọn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, ẹ dín eré kù, kí ẹ sì dúró níbi tí kò léwu, nítorí epo tí kò jó lè sun inú sàlẹ́ńsà. Iná ọ́ìlì àti ti ooru kì í ṣe ọ̀rọ̀ sikánà. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá tàn, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi oríṣi kìíní sílẹ̀ nínú ihò mọ́jú, kí ó má baà fa bátìrì gbẹ. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ máa wo ẹ̀rọ tàbí fóònù lójú ọ̀nà. Kí ẹlòmíràn bá a kà á. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe pa kóòdù rẹ́ kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ìparí, mo ní àbá kan tí mo fẹ́ kí akọ̀wé gbé síwájú ìpàdé wa tí ń bọ̀. Kí ẹgbẹ́ wa ra ẹ̀rọ kan, oríṣi kejì tí ó lè ka ABS àti airbag, èyí tí ẹnìkan ṣoṣo lè ṣàì lágbára rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní ni wá lára bí a bá dá owó jọ. Kí ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí ìwé kékeré wà tí a ó máa kọ orúkọ ẹni tí ó yá a sí, àti kóòdù tí mọ́tò rẹ̀ sọ, kí a lè mọ àìsàn tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú Iléyá àti ṣáájú Kérésìmesì, kí gbogbo mọ́tò tí yóò relé wá fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ kan náà, kí a pe àwọn mẹkáníìkì wa síbẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ wa lọ́kùnrin lóbìnrin sì wà níbẹ̀ láti kọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ méjì yóò tó láti wá ohun èlò àti láti ṣe é. Ẹni tí kò ní mọ́tò náà ní ìpín nínú rẹ̀, nítorí nínú mọ́tò ẹlòmíràn ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jókòó sí.

Mo kí àwọn tí wọ́n ń múra ìgbéyàwó, mo kí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń ṣe ìdánwò, mo kí àwọn àgbà tí ara wọn kò yá. Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yẹ mọ́tò rẹ̀ wò kí ìpàdé tó dé, kí ó gbé e wá sí iwájú ilé mi ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. N kò ní gba owó.